Ojú Aró: Kí Ló Dé Tí Láàpútọ́ọ̀pù Tó Ti Dàgbà Fi Ń Dákú Léraléra?

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà nítòsí ọ̀nà Ìkòsì, ní Kétu, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìyá Onítáípù ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó ni ín. Láàpútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló fi ń jẹun. Tòkunbọ̀ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́wàá, lẹ́tà E àti A ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì lè gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí iná bá lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ tẹ lẹ́tà níbẹ̀, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dúró de ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀. Ojú ìwé kejì ni wọ́n dé nígbà tí ojú ẹ̀rọ náà ṣàdédé yí padà, tó di àwọ̀ aró látòkè délẹ̀. Àmì ojú kan tó fà ro yọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó bíi mélòó kan tẹ̀lé e, nọ́ńbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti òdo títí dé ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ náà kú, ó sì tún ara rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti ṣe é o," ni Ìyá Onítáípù wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹnjiníà ti bá mi fọ́ọ̀màtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti fọ́ọ̀màtì ẹ̀ báyìí, á gbádùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń ṣe é gan-an?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí. Ojú aró ni n ó máa pe ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, torí àwọ̀ tó ń yọ lójú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ojú aró kọ́ ni àìsàn náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé kan ní ọjà Mile 12, lóru, tó ń ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò tàtàṣé tí wọ́n ń já látinú tírélà tó ti Òkè Ọya dé. Ó ṣí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó rí i pé níbi tí òun kọ 40 sí ní wákàtí kan sẹ́yìn, 4,000 ló wà níbẹ̀. Kò mọ ohun tó yí i, kò sì mọ ibòmíràn tó ti yí. Bó bá ń kọ ìwé náà lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìṣirò tó bá gbé ka orí rẹ̀ ni yóò bàjẹ́, ẹni tí kò jẹ gbèsè yóò sì di onígbèsè. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ yóò pa ìwé dé, yóò kọ ohun tó rí sí abala ọ̀tọ̀, yóò ní kí gbogbo èèyàn dúró. Ohun tí Windows ń ṣe nìyẹn nígbà tí ojú aró bá yọ. Ó rí ohun kan tí kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó sì yàn láti dákú kí ó má baà fi irọ́ bo iṣẹ́ tí ẹ ti tọ́jú pamọ́.

Kí ló dé tí kò kàn ti ètò tó ṣẹ̀ náà pa, kó fi ìyókù sílẹ̀? Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó bá lè ṣe é. Inú kọ̀ǹpútà pín sí iwájú ilé àti ìyẹ̀wù. Àwọn ètò tí à ń lò, bí èyí tí a fi ń tẹ lẹ́tà tàbí èyí tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, iwájú ilé ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ya wèrè, ẹni tó wà ní ìyẹ̀wù yóò tì í jáde, ìyókù yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ óò ti rí i rí: Word á dì gbagidi, ẹ óò pa á, orin tó ń dún kò ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀wù ni àwọn tó ń pín àyè, tó ń pín àkókò, tó sì ń bá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lókè wọn tó lè wá làjà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún 1993 ni irú ojú aró yìí jáde pẹ̀lú Windows NT, John Vert, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló sì kọ ètò rẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n fi ojú tó fà ro sí i. Ní 2025, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí àwọ̀ dúdú lórí Windows 11. Bí ti yín bá ń yọ dúdú, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣe iyèméjì nípa agbára ìyẹ̀wù, kó rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe ètò ààbò fún kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ìyẹ̀wù ni ètò wọn ń gbé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló dákú, ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. Fáìlì kékeré kan ló fà á.

Láti ọ̀dọ̀ Ìyá Onítáípù, mo lọ ra ìwé ẹlẹ́wé ogójì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé nígbàkígbà tí ojú aró bá yọ, kó fi fóònù ya á, kó sì kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, àti bóyá iná NEPA ni àbí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Orúkọ ohun tí ìyẹ̀wù rí kó tó dákú ni. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sábà máa ń fò ó, ó sì máa ń dùn mí, torí òun ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí wọ́n ní. Ẹ̀rọ náà tún máa ń kọ àkọsílẹ̀ ìṣubú rẹ̀ pamọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Minidump, nínú fódà Windows, fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ náà ti dákú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Mẹ́jọ nínú rẹ̀, lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán ni. MEMORY_MANAGEMENT yọ lẹ́ẹ̀mẹta, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA lẹ́ẹ̀mejì, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL lẹ́ẹ̀mejì, SYSTEM_SERVICE_EXCEPTION lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kù, kò rí i yà kó tó lọ. Orúkọ mẹ́rin fún àìsàn kan! Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan kò sì wọ ojú aró. Ooru ni Ìyá Onítáípù kọ́kọ́ fura sí, torí ọ̀sán ló máa ń ṣẹlẹ̀, páànù sì ni òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà. Èrò tó dára ni. Ọpọlọ ẹ̀rọ, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe gbogbo ìṣirò, máa ń gbóná bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ kan wà lórí rẹ̀ tó ń gbé ooru náà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Omi díẹ̀ wà nínú ọ̀pá yẹn. Ibi tó gbóná ló ti ń di oru, ibi tó tutù ló ti ń padà di omi, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láìdúró. Fáànù kékeré ló ń fẹ́ ooru náà jáde. Láàárín ọpọlọ àti ọ̀pá bàbà, wọ́n máa ń fi ìpara kan sí i kí ooru lè kọjá láìsí àlàfo.

Nígbà tí a tú ìdí ẹ̀rọ náà, erùku ojú ọ̀nà Kétu ti fún mọ́ra níwájú fáànù bí òwú tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù. Ìpara náà ti gbẹ, ó ti sán bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. A gbọn erùku náà kúrò, a nu ìpara àtijọ́, a fi tuntun sí i. Ooru ọpọlọ rẹ̀, tó máa ń dé ìwọ̀n 94 tẹ́lẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, kò kọjá 71 mọ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, inú wa dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ojú aró yọ.

Ó yẹ kí n ti retí bẹ́ẹ̀. Bí ooru nìkan bá fẹ́ pa ẹ̀rọ, ọpọlọ rẹ̀ á kọ́kọ́ dẹ́sẹ̀ rọra; bí ooru bá ṣì ń gòkè kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 100, ẹ̀rọ á kú pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n pa iná, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀rọ tó kú láìsọ̀rọ̀ àti ẹ̀rọ tó fi ojú aró hàn kó tó kú, àìsàn wọn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Iná ló kàn. Nǹkan bíi fólítì 230 ló yẹ kó wá láti ògiri, ṣájà sì ń sọ ọ́ di nǹkan bí 19. Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tún ń pín ìyẹn sí wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi fólítì kan péré. Ní Kétu, ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ bí gílóòbù ṣe máa ń ṣẹ́jú nígbà tí fíríìjì aládùúgbò bá gbéra. Ṣájà tó dára máa ń gba ìyà yẹn mọ́ra. Ayédèrú ṣájà kì í gbà á, yóò tì í sí ẹ̀rọ lára. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ bọ́ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì nìkan ṣiṣẹ́. Bátìrì Ìyá Onítáípù kò gbà wá láyè, nítorí náà mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé mi, mo yá ṣájà tó jẹ́ ojúlówó, mo sì so ó mọ́ ínfátà. Ó dákú síbẹ̀ náà. Ìwé ẹlẹ́wé ogójì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé iná NEPA àti jẹnẹrétọ̀, kò sí èyí tí kò dákú lórí rẹ̀.

Dísíìkì, ibi tí à ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́ sí, ni ó sábà máa ń jẹ̀bi lára ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Irú ti àtijọ́ jẹ́ àwo tó ń yí nínú àpótí, èyí tó wọ́pọ̀ nínú láàpútọ́ọ̀pù sì ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orí tó ń kà á kì í fara kan àwo náà; ńṣe ló ń léfòó lórí rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn sì kéré sí fọ́nrán irun orí kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ wá ronú kan ẹni tó gbé ẹ̀rọ tó ṣì wà ní títàn sínú dáńfó, tí ọkọ̀ náà já sí kòtò láàárín Mile 12 sí Òjótà. Ẹ tún ronú kan iná tó lọ lójijì nígbà tí bátìrì ti kú, tí dísíìkì sì ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Bí ojú aró bá ń pe KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR tàbí CRITICAL_PROCESS_DIED, tí ẹ̀rọ ń lọ́ra, tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn bíi kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú rẹ̀, dísíìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Dísíìkì a máa kọ ìwé ìlera ara rẹ̀ pamọ́, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo sì lè kà á fún yín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sí ibòmíràn. Àyẹ̀wò tó ń tú gbogbo igun dísíìkì wò lè jẹ́ ìrìn àjò ìkẹyìn fún èyí tó ti ń kú lọ.

Ti Ìyá Onítáípù kò pẹ́ láti dá sílẹ̀. Ẹnjiníà ti pààrọ̀ àwo tó ń yí náà sí SSD tuntun, irú dísíìkì tí kò ní àwo, nígbà tó fọ́ọ̀màtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Owó gidi ló ná sí i, ẹ̀rọ sì yá sí i, ṣùgbọ́n àìsàn kò lọ.

Ó ku àwọn ògbufọ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò gbọ́ èdè Wi-Fi, kò gbọ́ èdè kámẹ́rà. Ètò kékeré kan ló ń túmọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní driver, ìyẹ̀wù ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé. Ògbufọ̀ tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní ìyẹ̀wù lè da gbogbo ilé rú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1998, ní ìlú Chicago, Bill Gates wà lórí ìtàgé níbi tí wọ́n ti ń fi Windows 98 han aráyé. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà, ojú aró sì yọ níwájú gbogbo èrò. Bí ti yín bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun mọ́ ọn tàbí lẹ́yìn àtúnṣe kan, tí ojú aró sì ń dárúkọ fáìlì kan náà ní gbogbo ìgbà, ògbufọ̀ yẹn ni kí ẹ yọ. Ẹ tún lè tan ẹ̀rọ ní Safe Mode, níbi tí Windows ti máa ń pe ìwọ̀nba ògbufọ̀ tí kò lè ṣe láìsí wọn. Bó bá balẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ara àwọn tí a kò pè ni kí á ti wá ọ̀daràn. Bó bá dákú níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ti Ìyá Onítáípù dákú ní Safe Mode. Orúkọ tó ń pè kò sì dúró sójú kan. Bí ògbufọ̀ kan bá jẹ́ ọ̀daràn, orúkọ kan náà ni ì bá sábà máa yọ. Nígbà tí orúkọ bá ń yí lójoojúmọ́, ibi tí gbogbo wọn ń gbà kọjá ni kí á lọ wò, gbogbo wọn sì ń gba ràámù kọjá.

Ẹ wo obìnrin tó ń ta ọsàn ní ọjà èso Kétu. Ó ní sítóò lẹ́yìn, ó sì ní àtẹ níwájú. Inú sítóò ni ẹrù ń sùn, ṣùgbọ́n orí àtẹ ni wọ́n ti ń ṣà á, tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń ná an. Dísíìkì ni sítóò, ràámù ni àtẹ. Kò sí iṣẹ́ kankan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tí kò kọ́kọ́ gbé sórí àtẹ yìí, ì báà jẹ́ ti iwájú ilé, ì báà jẹ́ ti ìyẹ̀wù. Bí iná bá sì ti lọ, gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ti dànù.

Kí ló dé tí ó fi ń dànù? Ràámù gígábáìtì mẹ́rin ní ju bílíọ̀nù 34 ihò kéékèèké lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan dà bí agbè kékeré tí wọ́n ń bu iná sí dípò omi: bó bá kún, a kà á sí ení, bó bá ṣófo, a kà á sí òdo. Ṣùgbọ́n gbogbo agbè yìí ló ń jò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ló ti ń jò, kò sí èyí tí kì í jò. Robert Dennard, òṣìṣẹ́ IBM tó ronú irú ràámù yìí, tó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1968, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ẹ̀rọ máa yí po gbogbo agbè náà, kó ka èyí tó kún kó tó gbẹ, kó sì tún un bù kún. Láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 64, ó gbọdọ̀ ti kárí gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé ó ju ìgbà 15 lọ tó ń bomi sí gbogbo bílíọ̀nù agbè yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ẹ ń mu kọfí, nígbà tí ẹ kò tẹ ohunkóhun. Mo ti mọ èyí tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Bí agbè kan ṣoṣo bá wá là ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń gbẹ kí apọnmi tó padà dé, ení tí wọ́n fi síbẹ̀ ti di òdo. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ara àwòrán ni, ojú kan bíńtín yóò yí àwọ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ni, C lè di A, nítorí ihò kan péré ló yàtọ̀ láàárín bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì tí ìyẹ̀wù fẹ́ lọ ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ihò kan ṣoṣo tó yí lè sọ ilé nọ́ńbà 260 di ilé nọ́ńbà 4. Ẹni tí wọ́n rán wá dé òpópónà tí kò sí ilé nọ́ńbà 4 níbẹ̀, òun ló sì ń wá. PAGE_FAULT nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, agbè kan náà lè jẹ́ ti ìwé tí wọ́n fi ń pín àyè, á wá di MEMORY_MANAGEMENT. Orúkọ tó ń yí padà kò jẹ́ kó di ọ̀daràn mẹ́rin. Agbè kan ni, ohun tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ ló ń yí.

Ọ̀sán ńkọ́? Láàárọ̀, lẹ́tà nìkan ni Ìyá Onítáípù máa ń tẹ̀, ẹrù orí àtẹ kò pọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó ń gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ó ṣí ojú íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, ó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, àtẹ sì kún dẹ́nu. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe rọrùn tó kí nǹkan pàtàkì bọ́ sórí ibi tó là. Ooru tó fura sí kò sì mọ́wọ́mẹsẹ̀ pátápátá, torí agbè yìí a máa yára jò sí i bí ó bá gbóná. Ọjọ́ mẹ́ta ìgbádùn lẹ́yìn fọ́ọ̀màtì náà ti wá yé wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ọ̀màtì kò tíì ní ẹrù. Bó ṣe ń dá àwọn ètò rẹ̀ padà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan ni àtẹ tún ń kún. Fọ́ọ̀màtì ń pa ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó rẹ́, ó ń tún un kọ. Pátákó tó là, kò lè mọ ọ́n.

A gbé ètò MemTest86 sórí fíláàṣì, a fi tan ẹ̀rọ náà nílé mi. Iṣẹ́ ètò yìí kò lọ́jú pọ̀ rárá: ó ń kọ nǹkan sínú gbogbo agbè, ó ń padà lọ kà á bóyá ohun tó kọ ló ṣì wà níbẹ̀, ó ń yí ohun tó kọ padà, ó tún ń kà á. Windows náà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Windows Memory Diagnostic, ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fo àwọn àìsàn kan tó fara pamọ́. Wákàtí púpọ̀ ló ń gbà, nítorí náà ẹ wá ibi tí iná kò ti ní já yín. Ní ogójì ìṣẹ́jú, ìlà pupa àkọ́kọ́ yọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pé mẹ́tàdínlógún, ní agbègbè kan náà.

Ègé ràámù méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ní ìjókòó méjì. Èwo ló ń ṣàìsàn, àbí ìjókòó gan-an ló bàjẹ́? A pa ẹ̀rọ, a yọ ṣájà àti bátìrì, a fọwọ́ kan irin kí iná ara wa má baà bà á jẹ́. A fi rọ́bà ìpàwé rọra nu ẹnu wúrà ègé méjèèjì, torí ìdọ̀tí ibẹ̀ nìkan a máa fa ojú aró nígbà mìíràn, ẹ má sì ra tuntun kí ẹ tó gbìyànjú èyí. Lẹ́yìn náà a fi ègé kan sí ìjókòó àkọ́kọ́, a dán an wò. A gbé e sí ìjókòó kejì, a tún un dán wò. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Ègé kan ń yege níbikíbi tó bá jókòó. Èkejì ń kùnà ní ìjókòó méjèèjì. Ẹjọ́ parí.

Ìyá Onítáípù ra ègé mìíràn ní Computer Village, ní Ìkẹjà. DDR3 ni ti ẹ̀rọ rẹ̀, DDR4 kò sì lè wọ ìjókòó rẹ̀, nítorí náà ó mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ fi wé e.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń rí irú oríire yìí. Bí ojú aró bá ń sọ WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, tí ooru, iná, ràámù àti dísíìkì sì ti yege, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Ojú òjé tí wọ́n fi lẹ àwọn ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù a máa wú nígbà tó bá gbóná, a sì máa sún kì nígbà tó bá tutù; lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá irú èyí, àwọn kan á là. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ ooru yan bọ́ọ̀dù náà kí òjé lè yọ́ padà. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti sanwó fún un, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé. Ẹ da iṣẹ́ yín kọ síta, kí ẹ wá òmíràn.

Tí ẹ bá sì ń wá òmíràn, ẹ rántí pé nígbà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn olùwádìí tó wà ní Ìbàdàn yẹ ẹrù wò ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 àlòkù ẹ̀rọ iná mànàmáná ló ń wọlé lọ́dún, ó kéré tán 15,700 nínú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó gúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ fi tan tòkunbọ̀ wò níwájú ẹni tó ń tà á kò lè fi agbè tó là hàn yín. Ẹ gbàyè ọjọ́ mélòó kan tí ẹ lè fi dá a padà, kí ẹ sì fi òru ọjọ́ àkọ́kọ́ dán ràámù rẹ̀ wò.

Ìwé ẹlẹ́wé ogójì náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onítáípù. Ojú ewé kan àti ààbọ̀ ni ojú aró gbà, ìyókù ti di ìwé gbèsè àwọn oníbàárà. Ẹ̀yin tí ti yín ṣì ń dákú, ẹ fi fóònù ya ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá yẹn, ẹ da iṣẹ́ yín kọ sí ibòmíràn lónìí, kí ẹ sì sọ fún ẹnjiníà yín pé kó dán ràámù wò kó tó fọ́ọ̀màtì.